Schlitz: bíà tó gbé ipò kejì ní Amẹ́ríkà tó wá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ara ẹ̀

Ní 1976, àwọn tó ń mu bíà Schlitz ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan funfun kan tó ń léfòó nínú ìgò wọn. Ẹ wò ó ná, èèyàn ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ṣí bíà tútù, ó dà á sí gíláàsì, ló bá rí nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó jọ ikun imú nínú ẹ̀, ṣé ó tún máa mu ún ni? Àwọn ọ̀gá kọ́ńpìnì náà mọ̀ sí i o. Wọ́n ní kò léwu, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, òótọ́ sì ni, àmọ́ torí pé kò léwu yẹn náà ni wọ́n ṣe dákẹ́, tí wọ́n ń tà á lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó tó wá di pé wọ́n rọra kó nǹkan bí ìgò àti agolo mílíọ̀nù 10 kúrò lórí àtẹ láìpariwo. Bíà tí mò ń sọ yìí kì í ṣe bíà ẹ̀yìnkùlé o. Kọ́ńpìnì tó ń ṣe Budweiser nìkan ló ń tà jù wọ́n lọ lọ́dún yẹn ní gbogbo Amẹ́ríkà, àgbá bíi mílíọ̀nù 24 ni Schlitz tà. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn ẹ̀, ẹlòmíì ti ra gbogbo ẹ̀.

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, orí nǹkan funfun yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí, ó dùn-ún sọ ni. Lójú tèmi, ohun tó pa Schlitz ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan kan nínú ìgò. Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọtí wọn wò ló bà wọ́n jẹ́, màá ṣàlàyé ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, torí ẹni tí ò bá mọ bí orúkọ yẹn ṣe tóbi tó ò lè mọ ohun tí wọ́n gbé sọ nù.

Ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ August Krug ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1849, ní ìlú Milwaukee, ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ilé oúnjẹ kékeré ló ní, ó wá ń pọn bíà díẹ̀ fún àwọn oníbàárà ẹ̀. Milwaukee ayé ọjọ́un, àwọn ará Jámánì ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, bíà wà lẹ́nu wọn, òtútù ibẹ̀ sì dáa fún lágà. Ṣé ẹ rí i, lágà ò fẹ́ ooru rárá, inú òtútù ni yíìsì ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, jẹ́jẹ́ ló sì ń ṣe é, tó bá tán wọ́n á tún gbé ọtí náà síbi tútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè mọ́ kó sì dẹ̀ lẹ́nu, nígbà tí kò sí ẹ̀rọ amúnǹkan-tutù, yìnyín tí wọ́n gé lórí odò àti adágún nígbà òtútù ni wọ́n fi ń ṣe é. (Ẹni tó ń mu Star tàbí Gulder, lágà náà lẹ̀ ń mu yẹn, ẹbí kan náà ni.) Ọ̀rọ̀ àkókò yìí ṣì ń bọ̀ wá jà níwájú.

Ní 1850, bàbá Krug wá kí i láti Jámánì, ó mú ọmọ-ọmọ ẹ̀ kan dání, ọmọ ọdún 8 tó ń jẹ́ August Uihlein. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n wọ̀ rì lójú agbami. Orí yọ wọ́n, wúrà tí owó ẹ̀ tó 800 dọ́là tí bàbá náà gbé dání sì yọ pẹ̀lú wọn. Owó yẹn ni Krug fi fẹ iṣẹ́ ẹ̀ lójú, tó sì gba akọ̀wé owó kan síṣẹ́, orúkọ akọ̀wé náà ni Joseph Schlitz. Krug kú ní 1856. Schlitz gba ìdarí iṣẹ́, ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ó fẹ́ opó ọ̀gá ẹ̀, ó sì fi orúkọ ara ẹ̀ rọ́pò ti Krug lára kọ́ńpìnì. Akọ̀wé yẹn mà mọ ìṣirò o!

Ohun tó gbé wọn jáde kúrò ní Milwaukee ni iná ńlá tó jó Chicago ní October 1871. Iná yẹn jó àwọn ilé ìpọntí ibẹ̀ pẹ̀lú, omi gan-an di ọ̀wọ́n, Schlitz bá ń kó bíà ránṣẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara ẹ̀ padà, àwọn tó yè mọ ẹni tó gbé ọtí wá fún wọn. Nígbà tó yá, Schlitz wá ní ilé ọtí tiẹ̀ káàkiri Chicago, tí wọ́n gbẹ́ àwòrán ayé roboto sára ògiri wọn, àwọn kan lára àwọn ilé yẹn ṣì wà lórí ìdúró dòní. Àwọn tó ń polówó ẹ̀ wá ń pè é ní bíà tó sọ Milwaukee di olókìkí.

Joseph Schlitz fúnra ẹ̀ ò gbádùn ẹ̀ pẹ́. Ní May 1875, ó ń padà lọ wo ilé ní Jámánì, ọkọ̀ Schiller tó wọ̀ kọlu àpáta létí erékùṣù Scilly nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn tó lé ní 300 ló bá a lọ, wọn ò rí òkú ẹ̀. Ó ti ṣe ìwé ogún sílẹ̀, àwọn ọmọ Uihlein ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, ọmọ ọdún 8 ọjọ́sí yẹn àti àwọn àbúrò ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní wọn ò gbọdọ̀ yí orúkọ Schlitz padà. Bí ìdílé Uihlein ṣe ń jẹ owó lórí orúkọ ẹlòmíì fún ọdún tó lé ní 100 nìyẹn. Wọ́n mọ iṣẹ́ náà ṣe o, ká má parọ́, nígbà tó fi máa di 1902 àwọn ni ilé ìpọntí tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà.

Láyé ìgbà yẹn náà ni ọ̀gbẹ́ni Claude Hopkins tó ń kọ ìpolówó wá ṣèbẹ̀wò sí ilé ìpọntí wọn. Wọ́n mú un yí ká, wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń fi ooru gbígbóná fọ ìgò hàn án, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ọtí, bí wọ́n ṣe gbẹ́ kànga jíjìn kí omi lè mọ́. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ èyí fáráyé? Wọ́n ní gbogbo apọntí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀yin ẹ sọ ọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ ló ni ín. Wọ́n sọ ọ́, ọjà sì ya. Lẹ́yìn ìyẹn, ní nǹkan bí 1911 sí 1912, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ polówó ara wọn, torí ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń ba hops inú bíà jẹ́ (òdòdó tó ń jẹ́ kí bíà korò), á wá máa rùn. Ẹ ò rí i pé ilé yìí, orí kí ọtí mọ́ kó sì dáa ni wọ́n fi kọ́ orúkọ wọn.

Òfin má-mutí dé ní 1920, ó pa gbogbo wọn lára títí di 1933. Schlitz gbìyànjú ṣokoléètì, Eline ni wọ́n sọ ọ́, bí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ṣe ń pe Uihlein lẹ́nu nìyẹn, ọjà náà ò tà, wọ́n kó o dànù. Lẹ́yìn òfin yẹn wọ́n tún gòkè padà dé ipò kìíní. Àfi 1953 tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí Milwaukee daṣẹ́ sílẹ̀ fún bí oṣù méjì ààbọ̀, nígbà tí Anheuser-Busch, àwọn tó ni Budweiser, ń pọn tiwọn lọ ní St. Louis. Ṣé ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lè dúró de ẹnikẹ́ni ni? Wọ́n jọ fa ipò kìíní yẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́ fún ọdún díẹ̀, láti 1957 ni Budweiser ti gbà á pátápátá.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá bẹ̀rẹ̀ gan-an rèé. Ní 1961 Robert Uihlein kékeré di olórí. Harvard ló lọ, ó máa ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù polo, ó sì fẹ́ gba ipò kìíní padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣe dáadáa gan-an. Ó kọ́ àwọn ilé ìpọntí ńláńlá tuntun, Longview ní Texas, Winston-Salem ní North Carolina, Memphis, wọ́n yára, òṣìṣẹ́ díẹ̀ ló ń darí wọn, èrè orí àgbá kan pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Àwọn oríṣi bíà mìíràn náà wà lábẹ́ wọn, Old Milwaukee fún ẹni tí ò lówó púpọ̀ lọ́wọ́, Schlitz Malt Liquor tó le ju bíà lásán lọ, tó ní akọ màlúù lójú ìpolówó ẹ̀, tí wọ́n sì polówó ẹ̀ gan-an láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, tí Miller Lite, bíà fúyẹ́ ti kọ́ńpìnì Miller, gba ìgboro, wọ́n sáré gbé Schlitz Light jáde, wọ́n sì gbìyànjú ọ̀kan tó ń jẹ́ Erlanger fún àwọn tó fẹ́ràn nǹkan olówó ńlá. Malt liquor yẹn nìkan ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dáadáa nínú àwọn tuntun yẹn, ìyókù ò rí bẹ́ẹ̀.

Robert wá ro ìṣirò kan. Tí lágà bá ń gba ọ̀sẹ̀ gbọọrọ nínú táǹkì, tá a bá dín àkókò yẹn kù, táǹkì kan náà á pọn ọtí tó pọ̀ sí i lọ́dún láì kọ́ ilé tuntun. Wọ́n ṣe ọ̀nà tí yíìsì á fi yára ṣiṣẹ́. Wọ́n tún dín ọkà báálì tí wọ́n ń lò kù, wọ́n fi omi ṣúgà tí wọ́n ń yọ lára àgbàdo rọ́pò ẹ̀ torí ó pọ́ọ́kú, hops tútù náà, wọ́n fi èyí tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n ti rún pọ̀ rọ́pò ẹ̀. Kí n sọ èyí kí ẹnì kan má lọ dá àgbàdo lẹ́bi o, tipẹ́tipẹ́ ni àwọn apọntí Amẹ́ríkà ti ń fi àgbàdo tàbí ìrẹsì pò mọ́ báálì, torí báálì ilẹ̀ wọn ní èròjà kan tó máa ń jẹ́ kí ọtí ṣú. Àgbàdo ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà ni pé gbogbo àyípadà yìí, owó ló pè é, kò sí èyí tó wá nítorí adùn.

Wọ́n ò ṣe é lójijì. Wọ́n á yí nǹkan kékeré kan padà, wọ́n á gbé ti tuntun ti ti tẹ́lẹ̀ síwájú àwọn tó ń tọ́ ọtí wò, àwọn yẹn á ní àwọn ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ó dáa, wọ́n á gbé e jáde. Tó bá tún ṣe díẹ̀, wọ́n á yí òmíràn padà, wọ́n á fi wé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà lánàá, wọ́n á tún ní kò sí ìyàtọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ bá mi wo ọgbọ́n yẹn, gbogbo ìdánwò wọn ni wọ́n yege, kò sí èyí tí wọ́n fìdí rẹmi níbẹ̀, síbẹ̀ bíà 1974 tí wọ́n ń tà kì í ṣe bíà 1964 mọ́ rárá, àti pé ẹni tó ti ń mu ún fún ogún ọdún ò fi ti òní wé ti àná, èyí tó wà lórí ahọ́n ẹ̀ látìgbà èwe ló fi ń wé e. Ìyẹn ni wọn ò wọ̀n. Ohun tí mo ní nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọtí wọn wò nìyẹn.

Ìkìlọ̀ sì ti wá kó tó di ìgbà yẹn o. Wọ́n ra Primo, bíà ìbílẹ̀ Hawaii, ní ọdún 1960 sí nǹkan, gbogbo erékùṣù yẹn ló ń mu ún. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 1970 sí nǹkan, wọ́n dá pípọn ẹ̀ níbẹ̀ dúró, wọ́n wá ń gbẹ omi ọtí náà di gbígbẹ ní California, wọ́n ń kó o wọ ọkọ̀ lọ Hawaii, wọ́n ń fi omi pò ó níbẹ̀. Àwọn ará Hawaii tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n padà máa pọn ọ́n níbẹ̀, ọjà ti lọ. Ẹ sọ fún mi, kọ́ńpìnì tí èyí ṣẹlẹ̀ sí tán, tó tún wá ń ṣe irú ẹ̀ sí bíà ńlá ẹ̀ fúnra ẹ̀, kí la fẹ́ pè é?

Àwọn alátakò gbọ́, ìròyìn ń lọ pé Schlitz ń fi ọtí tí ò tíì gbó ta ọjà. Orúkọ tí wọ́n fún ọ̀nà tuntun yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà A, B, F ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, A àkọ́kọ́ dúró fún pé ó yá, nígbà tí ẹnu ará ìta pọ̀ lórí ẹ̀, wọ́n yí A padà sí pé ó péye, tí B sì wá dúró fún pé ó dọ́gba. Lẹ́tà ò yí padà. Ọtí náà ò yí padà.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ lébẹ́ẹ̀lì wọlé. Ìjọba Amẹ́ríkà ń sọ pé àwọn apọntí ní láti kọ ohun tó wà nínú bíà sára ìgò. Schlitz ń lo èròjà kan tí wọ́n ń pè ní silica gel kí ọtí má baà ṣú tó bá wọ inú fíríìjì, ẹ̀rù wá ń bà wọ́n pé tí oníbàárà bá ka orúkọ kẹ́míkà yẹn á sá. Wọ́n fi òmíràn tó ń jẹ́ Chillgarde rọ́pò ẹ̀, torí wọ́n lè sẹ́ ẹ kúrò kí ọtí tó wọ ìgò, tí wọ́n bá ti sẹ́ ẹ kúrò, kò kan lébẹ́ẹ̀lì. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé Chillgarde àti èròjà tí wọ́n ń lò kí ìfófòó orí bíà lè dúró kì í bára wọn gbé, wọ́n á dì pọ̀ nínú ìgò, nǹkan funfun náà nìyẹn. Wọ́n ní ó dáa, a yọ èròjà ìfófòó kúrò. Nǹkan funfun lọ lóòótọ́, àmọ́ bíà wá tẹ́ pẹrẹsẹ nínú gíláàsì, kò hó. Gbogbo wàhálà yìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí wọn ò fẹ́ kọ sára ìgò ni, àti pé nígbẹ̀yìn gbẹ́yín ìjọba fi òfin yẹn sílẹ̀.

Ní November 1976, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa Robert Uihlein, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí dókítà sọ fún un. Ẹni tó bọ́ sípò ẹ̀, oníṣirò owó ni, Eugene Peters, kì í ṣe apọntí. Ní 1977 wọ́n gbé ìpolówó tuntun wọ tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kan á bi àwọn ọkùnrin gìrìpá pé ṣé wọ́n á fi Schlitz sílẹ̀ mu nǹkan míì, ọkùnrin náà á ranjú mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ lu èèyàn pa. Wọ́n ní kó pani lẹ́rìn-ín ni, àwọn èèyàn ló wá sọ ọ́ lórúkọ pé mu Schlitz tàbí kí n pa ẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e kúrò. Lọ́dún 1978 ìjọba fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù lówó lábẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè máa ta Schlitz nìkan, wọ́n san ìtanràn 761,000 dọ́là. Miller ti gba ipò kejì lọ́wọ́ wọn.

Frank Sellinger tí wọ́n mú wá láti Anheuser-Busch, apọntí gidi ni, ó sì tún ọtí náà ṣe. Mo gbà pé bíà tó wà nínú ìgò nígbà tó fi máa di 1979, 1980, ó ti dáa padà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ tọ́ ọ wò? Ó gbé ara ẹ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n tọ́ ọ wò. Ó wá ṣe èyí tó tóbi jù, ní January 1981, nígbà Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tí Oakland bá Philadelphia gbá, wọ́n mú 100 èèyàn tó sọ pé Michelob, bíà Anheuser-Busch mìíràn, làwọn ń mu, rẹfirí bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ dúró tì wọ́n, gbogbo Amẹ́ríkà ń wò ó níṣẹ́jú yẹn gan-an, wọ́n gbé Schlitz àti Michelob síwájú wọn láìsí lébẹ́ẹ̀lì. Àádọ́ta yan Schlitz. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn o, torí tí èèyàn ò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín lágà méjì, ìdajì ló máa bọ́ sí apá kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì jẹ́ pé àwọn oníbàárà Michelob nìkan ni wọ́n mú wá, ìdajì yẹn dà bí ìṣẹ́gun lójú aráyé. Mo fẹ́ràn ìpolówó yẹn. Kò ta ọtí.

Ní June 1981 àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí Milwaukee daṣẹ́ sílẹ̀, kọ́ńpìnì kúkú ní kí wọ́n máa lọ, ọtí táwọn lè pọn ti pọ̀ ju èyí táwọn lè tà lọ, wọ́n ti ilé àtijọ́ yẹn pa. Heileman ti La Crosse fẹ́ rà wọ́n, ìjọba ò gbà, ní 1982 Stroh ti Detroit rà wọ́n, wọ́n yáwó rẹpẹtẹ láti ṣe é, gbèsè yẹn náà sì wà lára ohun tó jẹ Stroh run nígbẹ̀yìn. Ní 1999 orúkọ Schlitz bọ́ sọ́wọ́ Pabst, àwọn tí wọ́n jọ ń du Milwaukee mọ́ra wọn lọ́wọ́ láti ayé Uihlein àkọ́kọ́.

Pabst wá rí i pé àwọn tó dàgbà ṣì ń béèrè Schlitz àtijọ́, ti 1960 sí nǹkan, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e lẹ́sẹ̀. Wọ́n lọ wá bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n, ìwé ẹ̀ ti sọ nù nígbà tí orúkọ náà ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́. Àfi kí wọ́n lọ bá àwọn àgbà apọntí tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà yẹn, kí wọ́n bi wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, irú hops wo, yíìsì wo, ọjọ́ mélòó, kí wọ́n tún gbé e fún wọn tọ́ wò títí wọ́n á fi ní òun nìyí. Ní 2008 wọ́n gbé e jáde nínú ìgò aláwọ̀ ilẹ̀, ó sì tán lórí àtẹ ní Milwaukee débi pé àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ń kọ orúkọ àwọn tó ń dúró dè é sílẹ̀. Ibi tí ilé ìpọntí náà wà ti di ọ́fíìsì, Schlitz Park ni wọ́n ń pè é.